Àgọ́ Tí A Pa Sí Ọgbà Mẹkáníìkì

Láàárín Yorùbá, ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ fi ibùsùn òun sílẹ̀ nílé kí òun lọ sùn sínú igbó torí ìgbádùn, àwọn àgbà yóò kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. Àwọn baba wa náà sùn nínú igbó dáadáa. Àgbẹ̀ a máa gbé abà láti ìgbà tó bá ti kọ ebè títí iṣu yóò fi ta, ọdẹ a sì máa fi gbogbo òru jókòó sórí ègùn de ẹran tí yóò wá jẹ èso lábẹ́ igi. Iṣẹ́ ló gbé wọn débẹ̀, iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń pè é. Nígbà tí mo sọ fún ìyá àgbà kan ní agbo ilé ìyá mi ní Ìlá Ọ̀ràngún pé èmi àti àbúrò mi fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa lọ pàgọ́ nítòsí omi Ayíkúnugbá ní Òkè-Ìlá, ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé àwọn tó bí wọn ò nílé ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò sì rí èsì gidi fún un. Robert Baden-Powell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ irú ìpàgọ́ yìí di ẹ̀kọ́ fún ọmọdé. Lọ́dún 1907 ó kó àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ lọ sí erékùṣù Brownsea, wọ́n sùn nínú àgọ́, wọ́n sì ń dáná fúnra wọn. Nígbà tó fi máa di 1915, ẹgbẹ́ Síkáòtù ti dé Nàìjíríà. Lọ́dún 1907 yẹn kan náà ni rélùwéè dé Òṣogbo. Ó gba Ìkìrun, ó gba Òkúkù, ó forí lé Ọ̀fà, kò ya ọ̀dọ̀ wa. Apá ọ̀tún ni Ìlá wà, lẹ́yìn àwọn òkè, ẹni tó bá sì fẹ́ kó ẹrù bá ọkọ̀ ojú irin lọ, ó di dandan kó kọ́kọ́ fi orí rù ú jáde. Láti ìgbà tí lọ́rí ti dé, ọwọ́ awakọ̀ àti mẹkáníìkì ni Ìgbómìnà apá Ọ̀ṣun wà. Mi ò ní í tún ìtàn ògbó, ìyẹn àdá Ọ̀ràngún, sọ fún ẹnikẹ́ni níhìn-ín, gbogbo ọmọ Ìgbómìnà ló ti mọ̀ ọ́n. Ti irin onítáyà ni mo fẹ́ sọ.

Jíìpù tókúnbọ̀ ni ọkọ̀ tí a fẹ́ fi ṣe ìrìn náà, ti àbúrò mi ni. Ẹni tó bá ti rìn káàkiri ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní Nàìjíríà yóò ti rí irin roboto kan tó yọ jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ jíìpù tó ti Amẹ́ríkà wá. Iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ níhìn-ín kò ju pé kó gbá ènìyàn lójúgun lóru nígbà tí iná bá lọ. Lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ojú omi, òun ni wọ́n fi ń fa ilé kékeré onítáyà tí ìdílé yóò sùn sínú rẹ̀ ní etí adágún. Àbúrò mi ti gbé òkè òkun fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń dùn ún pé irin náà wà lásán. Ó ní kí wẹ́dà kan ní Òṣogbo bá òun jó tírélà kékeré kan: táyà méjì, pákó nísàlẹ̀, irin yíká. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó jẹnẹrétọ̀ sí, àti ìkòkò, àpò ìrẹsì, iṣu, gáàsì ìdáná, àti gbogbo àgọ́ tí àwọn ọmọ máa sùn sí. Bọ́ọ̀sì ló kó àwọn ọmọ lọ ṣíwájú. Èmi, àbúrò mi, àti ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ la wà nínú ọkọ̀ tó ń fa ẹrù.

A gba Ìkìrun, a gba Òtan Ayégbajú wọ Ìlá, nǹkan kan ò ṣe wá. A yà kí àwọn ará ilé, wọ́n fún wa lómi, wọ́n tún fi wá rẹ́rìn-ín. Láti Ìlá sí Òkè-Ìlá kò ju bíi kìlómítà 12 lọ. Ọmọ bàbá kan náà ni ìlú méjèèjì. Ọ̀ràngún ni oyè ọba tibí, Ọ̀ràngún náà ni ti ọ̀hún, Ìlá-Yàrá sì ni wọ́n ti pínyà nígbà tí ọ̀rọ̀ oyè dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ọba. (Mi ò dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n níbẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ máa jẹun ní ìlú méjèèjì kì í dá sí i.) Lónìí, ọ̀kan jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá, èkejì jẹ́ olú ìlú ti Ìfẹ́dayọ̀. Ohun tó kan ẹni tó ń fa ẹrù nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé àwọn tó lọ sí Òkè-Ìlá lọ fi ẹ̀yìn ti òkè ní tòótọ́. Ọ̀wọ́ òkè tó tan mọ́ ti Èkìtì ló gba ibẹ̀ kọjá. Òkúta rẹ̀ le, omi kì í tètè jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí odò fi ń já láti orí àpáta dípò kó máa rọra ṣàn. Òkúta tó fún wa ní Ayíkúnugbá náà ló sọ ojú ọ̀nà di ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀.

Ọkọ̀ tó gbé ẹrù sínú ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó ń fa ẹrù. Èyí tó wà nínú ọkọ̀, gbogbo táyà ni yóò pín in rù. Èyí tí a ń fà ní táyà tirẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀: bí a bá ń gun òkè, yóò máa fà wá sẹ́yìn, bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, yóò máa tì wá. Bí wọ́n bá sì kó ẹrù jọ sí ìdí rẹ̀, yóò máa gbé ìdí ọkọ̀ tó ń fà á sókè, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò wá máa jù sọ́tùn-ún sósì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ní ìlú òyìnbó sọ pé ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ẹrù ló yẹ kó tẹ orí irin roboto yẹn. Ẹrù tó bá tó kílò 500, nǹkan bíi kílò 50 sí 75 nìyẹn. Àwọn ọmọ tó di ẹrù wa gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìdí pátápátá torí kó lè rọrùn láti gbé e sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tó gbé agbọ̀n ìyà sórí tí kò fi òṣùká sí i.

Lórí òkè gígùn kan, lẹ́yìn tí a ti fi Ìlá sílẹ̀ díẹ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọkọ̀ kò lọ. Àbúrò mi tẹ iná mọ́ ọn, ó tún ké jù bẹ́ẹ̀ lọ, a dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan wọlé bá wa, òórùn epo tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Ó fa bírèkì ọwọ́, àwọn ọ̀dọ́ náà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì wá òkúta fi há táyà.

Ọ̀kan nínú wọn fa sí-kọ́ṣọ̀n jáde, ó gbé e sẹ́yìn tírélà bí òfin ṣe wí. Àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ dúró wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fa àdá yọ, ó ń gé ẹ̀ka igi tútù, ó sì ń tò wọ́n sójú títì láti òkèèrè wá. Ó ní, "Ewé ni àwọn onítírélà mọ̀." Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Ìlá ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ni wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ lọ́dún 1977, tí Wọlé Ṣóyínká wà nídìí rẹ̀. Lọ́dún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni wọ́n ti ń béèrè sí-kọ́ṣọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀, kò sì burú. Àmọ́ ewé ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, torí ẹni tí kò rí sí-kọ́ṣọ̀n rà rí, tí kò sì lè kàwé, mọ̀ pé igi kì í fúnra rẹ̀ hù sí àárín ọ̀dà.

Ọlọ́kadà kan ló lọ bá wa pe mẹkáníìkì wá láti Ìlá. Kí ó tó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà, ó ní kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mìíràn fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Mo rò pé ó ń dáàbò bo oníbàárà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ọ̀nà kan náà tí ènìyàn fi ń fi dókítà han aláìsàn ló gbà sọ ọ́.

Ọkùnrin tó sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà náà ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó wọ bùbá tí ọ́ìlì ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ó kí wa tán kó tó wo ọkọ̀. Ó béèrè ibi tí à ń lọ, ó béèrè ẹni tó ń retí wa níbẹ̀, ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jọ àlejò. Ilé wo ni tiyín ní Ìlá?" Mo dárúkọ agbo ilé ìyá mi. Ó mi orí. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni ohùn tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀ ti yí padà, bẹ́ẹ̀ sì ni mo mọ̀ pé bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ sá lọ láìsanwó, ó ti mọ ẹni tí yóò lọ bá.

Kò mú sípánà kankan. Ó ní kí àbúrò mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì gíà yọ, ó fi ìka méjì yí ọ́ìlì orí rẹ̀ wò, ó gbé e sí imú. Ó tún dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ọ́ìlì ti ṣe ìlà tín-ínrín sójú ọ̀dà láti ìsàlẹ̀ òkè wá.

"Ọkọ̀ yìí ti ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó kó tó dé ọwọ́ yín," ni ohun tó kọ́kọ́ sọ. Ó tọ́ka sí irin roboto náà. "Ẹ wo bí orí rẹ̀ ṣe jẹ. Ẹni àkọ́kọ́ tó ni ín, ẹrù ńlá ló ń fi í fà."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, èmi náà á sì gbìyànjú láti tún un sọ. Nínú gíà ọ́tò, ọ́ìlì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Òun ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ìdí táyà, òun ló ń ti àwọn awo inú gíà mọ́ ara wọn, òun náà ló sì ń kó ooru wọn jáde. Wọ́n á darí ọ́ìlì gbígbóná yẹn gba inú páìpù tín-ínrín lọ sí ìdí radiétọ̀ kó lè tutù, kó tó padà wá. Bí ẹrù tí à ń fà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ooru yóò ṣe máa pọ̀ sí i. Róbà tó so páìpù náà mọ́ radiétọ̀ ti gbó, ó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, ooru òkè yìí ló wá parí rẹ̀. Nígbà tí ọ́ìlì dà lọ, afẹ́fẹ́ ni pọ́ńpù ń fà, àwọn awo kò lè di ara wọn mú mọ́, wọ́n ń yọ̀, wọ́n sì ń jó. Òórùn yẹn ni a gbọ́.

"Ṣé gíà ti kú nìyẹn?" ni àbúrò mi béèrè.

"Kò tíì kú. Ó dákú ni." Ó ní bí ọ́ìlì bá dúdú kirikiri tó sì ní eérú nínú, òun ì bá ti sọ pé kí a lọ wá gíà mìíràn. Èyí ṣì ní pupa díẹ̀ nínú. Àmọ́ kò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ rìn padà sí Ìlá, kódà ká tú tírélà kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Bí a ṣe wá fa ọkọ̀ tó yẹ kó máa fa ẹrù nìyẹn. Lọ́rí kan tó ń kó pákó lọ sí Ìlá dúró, wọ́n fa ṣéènì yọ. Àbúrò mi ti ń so ó nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì náà dá a dúró. Ó ní kí ọmọṣẹ́ òun wọ abẹ́ ọkọ̀ kó kọ́kọ́ tú ṣáfúùtù tó lọ sí ẹ̀yìn. Awakọ̀ lọ́rí ń kùn pé ilẹ̀ ń ṣú lọ, ọ̀gá kò dá a lóhùn. Táyà ẹ̀yìn ni gíà náà ń yí. Bí a bá fa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, táyà ni yóò máa yí inú gíà, pọ́ńpù kò sì ní máa ṣiṣẹ́ nítorí pé ẹ́ńjìnnì kò tan, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ á máa lọ ara wọn lóúngbẹ. Ọ̀pọ̀ gíà tó yẹ kó yè ló ń kú sẹ́nu ṣéènì, kì í ṣe sí ibi tó ti bàjẹ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń fà kọjá lójú títì láti kékeré, mi ò rò ó rí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń fà á ni ó ń pinnu bóyá wọ́n á tún un ṣe.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ìtọ́kọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, bírèkì á le bí òkúta, ìtọ́kọ̀ náà á wúwo, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń fà ló sì gbọ́dọ̀ máa jẹ́ kí ṣéènì nà tantan, torí bó bá dẹ̀ tó tún já fà lójijì, ó lè gé. Ní ti tírélà, pikọ́ọ̀pù kan tó ń kó ẹyìn bọ̀ láti oko ló fi okùn àti igi kan bá wa fà á lẹ́yìn, ó rọra ń lọ, àwọn ọ̀dọ́ wa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi pé ọba ni wọ́n ń sìn wọ̀lú. Àpò ìrẹsì kan ló bá ọlọ́kadà wa lọ sí Òkè-Ìlá. Gbogbo ohun tó kù, pẹ̀lú gbogbo àgọ́, bá wa padà sẹ́yìn.

Mo pe àwọn tó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ lórí fóònù. Ìdáhùn tí mo gbọ́ ni ariwo odó. Ìdílé tó gbà wá lálejò lóhùn-ún ti gbọ́ pé oúnjẹ kò lè dé, wọ́n ti gbé iṣu kaná. Àwọn ọmọ tí a fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná nínú igbó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé, wọ́n ń jẹ iyán Ìgbómìnà, wọ́n sì sùn sínú yàrá lórí ẹní. Ẹnì kan nínú wọn béèrè bóyá a lè pẹ́ díẹ̀ sí i kí a tó dé.

Ọgbà mẹkáníìkì náà wà ní ẹ̀bá ọ̀nà: igi máńgò kan, àtíbàbà páànù, àti àwọn ọkọ̀ tó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ewéko ti gba ojú fèrèsé wọn jáde. Ní igun kan, irin àtijọ́ kún jọ, màrìwò gbígbẹ sì wà lórí rẹ̀. Ti ẹgbẹ́ ni, ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ṣe ọdún Ògún lọ́dọọdún. Ó sọ ọ́ tán, ó lọ ṣe àlùwàlá, ó kírun mọ̀gàrúbá lórí ẹní tó tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n tú sílẹ̀. Kò sí ẹni tí èyí yà lẹ́nu níbẹ̀.

Irú róbà tó yẹ kò sí ní Ìlá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọṣẹ́ lọ káàkiri, ó mú róbà bẹntiróò bọ̀, ọ̀gá jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọ́ìlì gíà máa ń gbóná, ipá rẹ̀ sì pọ̀, ó máa jẹ róbà yẹn bó ti wù kó rí, ẹni tó bá fi í ṣe é fẹ́ kí oníbàárà tètè padà wá ni. Ó pe ẹnì kan ní Òṣogbo. Kò sí ọ̀rọ̀ pé kí n kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́. Ọ̀gá ní, "Ti ọwọ́ mi ni," ọ̀rọ̀ sì parí. Wọ́n máa fi róbà àti ọ́ìlì bá bọ́ọ̀sì èrò wá láàárọ̀ kùtùkùtù.

Òun ló bi wá pé kí ló dé tí a ń wá ilé tí a máa sùn nígbà tí àgọ́ kún inú tírélà wa. Bí a ṣe pàgọ́ sábẹ́ igi máńgò nìyẹn, láàárín ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì àti ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọkọ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ kò tíì rí irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ rí, àwọn ni wọ́n sì bá wa pa á. Wọ́n wo bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ wọ ihò, kò sí ẹni tó ka ìwé ìlànà tó wà nínú àpò rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ tí kò tíì tó ogún ọdún, ló kọ́kọ́ rí i pé a ti gbé apá iwájú sí ẹ̀yìn.

Mo ń wo ọwọ́ ọmọ náà, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére. Ìlá ló bí Lámídì Fákẹ́yẹ. Bàbá rẹ̀, Àkóbíògún, agbẹ́gilére ni. Lámídì tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àlùfáà Ìjọ Àgùdà kan, Kevin Carroll, ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ, Bándélé fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Àrẹ̀ògún, gbajúgbajà agbẹ́gilére ní Òsì. Kí Fákẹ́yẹ tó kú lọ́dún 2009, iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ilé ọnà káàkiri ayé, ó sì ti kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀. Gbogbo wa la ń fi í yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tó gbà mọ iṣẹ́ náà, ìyẹn kí ọmọ jókòó ti ọ̀gá, kó máa gbé irinṣẹ́ fún un, kó máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí ọwọ́ tirẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n, ọ̀nà yẹn ṣì wà láàyè ní ìgboro Ìlá lónìí. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà. Àwọn òbí tó ń kó ọmọ wọn lọ wo ère nínú ilé ọnà ni wọ́n ń fi mẹkáníìkì dẹ́rù ba ọmọ kan náà: "Tí o ò bá kàwé, mo máa mú ọ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì."

Ọ̀gá náà sọ pé ọmọṣẹ́ ò pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ra ọ̀kadà lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀kadà ń mú owó wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá rà á, iṣẹ́ mẹkáníìkì sì ń gba ọdún. Ó sọ ọ́ láìbínú.

Mi ò sùn púpọ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Òmù-Àrán àti àwọn tó ń bọ̀ láti Kwara ń kọjá, ewúrẹ́ ń fi ara nu ògiri àgọ́, àwọn ọ̀dọ́ méjì wa sì ń bá àwọn ọmọṣẹ́ tayò lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Ìyá ẹlẹ́kọ tó ń tajà lójú títì gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá láàárọ̀ kó tó di pé a jí tán, ó ní ọ̀gá ti sọ fún òun lálẹ́ àná. Ó wọ inú àgọ́, ó jókòó díẹ̀, ó ní ooru rẹ̀ pọ̀ jù, ó jáde.

Bọ́ọ̀sì gbé ẹrù wa dé. Wọ́n pààrọ̀ róbà, wọ́n fi kílíípù tuntun mú un, wọ́n da ọ́ìlì tó kù nù, wọ́n rọ tuntun sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń ti gíà wọ gbogbo ojú rẹ̀, wọ́n tún fa géèjì wò. Mo béèrè iye owó. "Ẹ jẹ́ kó gun òkè ná," ni ó wí. A padà lọ sí òkè àná, òun ló ń wakọ̀, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewé àgbẹ̀ àná ṣì wà lẹ́bàá títì, ó ti rọ. Ọkọ̀ gun òkè náà láìdúró. Ó yí i padà, ó tún gùn ún, fèrèsé wà ní ṣíṣí, ó ń fi etí gbọ́ ìgbà tí gíà ń yí. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ owó, kò sì pọ̀ tó iye tí mo ti gbé kalẹ̀ lọ́kàn láti ná an.

Òun àti àbúrò mi jiyàn díẹ̀ lórí tírélà. Àbúrò mi ní ọkọ̀ ti dáa, kí a so ó padà. Ọ̀gá ní ọkọ̀ dáa fún ènìyàn. Bó bá fẹ́ máa fà, kó lọ wá radiétọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi kún un fún ọ́ìlì gíà nìkan, kó sì fi jẹnẹrétọ̀ sórí ẹsẹ̀ táyà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì òkè ni, kò ní í tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. A kó àgọ́ àti oúnjẹ sínú ọkọ̀, pikọ́ọ̀pù ẹlẹ́yìn gbé jẹnẹrétọ̀ tẹ̀ lé wa, tírélà dúró sábẹ́ máńgò. A dé Òkè-Ìlá, a sì rí omi Ayíkúnugbá. Ó dára gan-an, mi ò sì ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ inú omi, wọ́n jáde, wọ́n béèrè iyán.

Ohun kan ló ń rúnú mi láti ìgbà náà. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí nílé, gbogbo ènìyàn máa ń sọ pé, ẹ ò rí i, inú àwọn ará Ìgbómìnà dára. Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ gé ewé, ọlọ́kadà ṣe ìránṣẹ́, onílọ́rí fa ọkọ̀, ìyá ẹlẹ́kọ gbé oúnjẹ wá. Àmọ́ mo tún ń rò ó pé bí mi ò bá ní agbo ilé kan tí mo lè dárúkọ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ ará Sókótó tàbí Kàlàbá ni awakọ̀ náà, ta ni yóò sọ pé "ti ọwọ́ mi ni" fún un? Mo rò pé ọ̀gá yẹn yóò ṣe é fún un bákan náà, ṣùgbọ́n n kò lè búra fún gbogbo òkè. Ojú ọ̀nà tí kò ní ọkọ̀ tí ń gbé ọkọ̀, tí kò ní ibi tí ènìyàn lè pè, ni inúure wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́. Bí a ti ń yìn wọ́n lójoojúmọ́, ẹni tó yẹ kó pèsè nǹkan wọ̀nyẹn náà ń gbọ́ ọ, ó sì ń fọwọ́ lẹ́rán. Mo máa ń rò ó pé ó yẹ kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà kí inú sì máa bí wa lẹ́ẹ̀kan náà, ó kàn jẹ́ pé ìdúpẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu.

Tírélà ṣì wà ní Ìlá. Ọ̀gá pe àbúrò mi kó tó di ọdún Iléyá, ó ní ẹnì kan tó ń fi àga àti kánópì háyà fún ayẹyẹ fẹ́ máa fi pikọ́ọ̀pù rẹ̀ fà á, òun sì ti gbé ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ síwájú díẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Àbúrò mi ní kó máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá kò gbà, ó ní ohun olóhun kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà òun. Orí iye owó ni wọ́n wà láti ìgbà náà, ọ̀gá ń fi kún un, àbúrò mi ń yọ kúrò.